Ọwọ́ Tó Ya Odi Ló Ya Ilé Àdúrà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1711, René Duguay-Trouin, ọ̀gágun ojú omi ará Faransé, kó ọkọ̀ ogun rẹ̀ wọ èbúté Rio de Janeiro. Ó gba erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ilha das Cobras, ó to àgbá síbẹ̀, ó sì dojú wọn kọ òkè tó wà ní òdìkejì omi. Lórí òkè yẹn ni ilé àwọn mọ́ńkì ẹgbẹ́ Benedict Mímọ́ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní São Bento. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀, nítorí Ìjọ Àgùdà kan náà ni tọ̀tún-tòsì wọn ń lọ. Àwọn ará Pọtogí ló ti to àgbá tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ ilé àdúrà náà, torí pé ẹni tó bá dúró níbẹ̀ ń rí gbogbo ọkọ̀ tó bá fẹ́ wọlé. Ọta bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò lu ògiri àwọn mọ́ńkì, ìlú ṣubú láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn Faransé kò sì kúrò títí wọ́n fi gba ìràpadà: 610,000 owó cruzado, àpótí ṣúgà 100 àti màlúù 200.

Iṣẹ́ ẹnjinníà ni mo ń ṣe, ògiri àti òpó ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ohun tó dá mi dúró nínú ìtàn yìí ni ilé tí wọ́n ń yìnbọn lù, ju ogun fúnra rẹ̀ lọ. Ní ibi iṣẹ́ tiwa lónìí, ayàwòrán-ilé ní ọ́fíìsì tirẹ̀, ẹnjinníà ní tirẹ̀, a sì máa ń pàdé ní ìpàdé tí ohùn ti máa ń ròkè: òun fẹ́ kí pálọ̀ gbòòrò láìsí òpó láàárín, èmi fẹ́ mọ ohun tí yóò gbé dẹ́kì dúró, onílé sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dínwó. A ti fi ẹwà sílẹ̀ fún ẹnì kan, a fi agbára sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tí àṣẹ ọba Pọtogí dé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, láti Lisbon dé Bràsíl, títí dé Ouidah ní etíkun tiwa, ààlà yẹn kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó ń wọn ibi tí àgbá yóò dúró sí ni ó tún ń wọn ibi tí àwọn mọ́ńkì yóò ti máa kọrin. Àwọn kan máa ń sọ pé àìtó òṣìṣẹ́ ló fà á. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi gbà pé ìdí tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ìṣòro kan náà ló wà nínú iṣẹ́ méjèèjì.

Ẹni tó kọ́kọ́ ya pílánù São Bento, ní 1617, ni Francisco Frias da Mesquita. Olórí ẹnjinníà ọba ní Bràsíl ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ lórí odi Reis Magos ní Natal kí ó tó dé orí òkè yìí. Ẹni tó bá wo iwájú ìjọ náà yóò rí ọwọ́ ológun lára rẹ̀: ògiri funfun gbọọrọ, ilé agogo méjì tó rinlẹ̀ dáadáa, ọ̀ṣọ́ tí kò tó nǹkan. Inú ni wúrà wà, níbi tí àwọn agbẹ́gilére ti fín igi láti òkè délẹ̀, tí wọ́n sì fi wúrà bò ó.

Lẹ́yìn ìtìjú ọdún 1711, ọba tún rán àwọn ẹnjinníà tó mọ iṣẹ́ wá sí Rio. José da Silva Pais dé ní 1735, ó sì ya odi tuntun fún Ilha das Cobras gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà tún ti ibẹ̀ yìnbọn lu ìlú. Ọkùnrin yìí ti wà lára àwọn tí ọba fi ṣe alábòójútó afárá omi ńlá ti Lisbon, èyí tó ń gbé omi mímu wọ ìlú, kí ó tó wọkọ̀ wá, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ omi mímu àti ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ìbọn wà nínú orí kan ṣoṣo. Ó gba gúúsù lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi mẹ́ta láti ṣọ́ ẹnu omi àríwá erékùṣù Santa Catarina ní 1739. Wọ́n dára lójú. Ẹnu ọ̀nà odi Anhatomirim lẹ́wà ju ti ọ̀pọ̀ ìjọ lọ. Ṣùgbọ́n omi tó wà láàárín odi kan àti èkejì fẹ̀ ju ibi tí ọta àgbá ìgbà náà lè bò lọ, nígbà tí àwọn ará Sípéènì sì dé ní 1777, wọ́n gba erékùṣù náà láìsí ìjà kan tó tó ohun tí à ń dárúkọ. Mo máa ń rántí èyí nígbàkígbà tí àwọn akẹgbẹ́ mi bá ń sọ pé ayàwòrán-ilé ni ó máa ń fi ẹwà ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù ní Rio ni José Fernandes Pinto Alpoim, ọmọ Viana do Castelo, tí wọ́n bí ní 1700. Láti 1738 ni ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ológun ní ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun oníàgbá ní ìlú náà; irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Salvador da Bahia pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni ìṣirò, wíwọn ilẹ̀, yíya àwòrán, odi àti àgbá. Manuel de Azevedo Fortes, tó di olórí ẹnjinníà gbogbo ìjọba Pọtogí ní 1719, ti kọ ìwé alápá méjì lórí iṣẹ́ náà, èyí tó jáde ní 1728 àti 1729, tí apá kìíní dá lórí wíwọn ilẹ̀, tí apá kejì sì dá lórí odi. Ohun tí ọkùnrin yìí ń lé ni pé kí gbogbo ẹnjinníà ọba máa yàwòrán lọ́nà kan náà, kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lórí ìwé, kí ẹni tó jókòó sí Lisbon lè ka ohun tí ẹni tó wà ní Bràsíl yà láìjẹ́ pé ó rán ẹnikẹ́ni lọ bi í. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni agbára àwọn ẹnjinníà ológun wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá mọlémọlé ìgbà náà ló mọ iṣẹ́ dénú egungun, ṣùgbọ́n inú orí wọn ni iṣẹ́ náà wà, bí wọ́n bá sì kú, ó di kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnjinníà fi ìwé sílẹ̀. Gómìnà tó fẹ́ kọ́lé fún àwọn sísítà kò béèrè ẹni tó mọ àdúrà gbà jù. Ẹni tó lè fún un ní pílánù àti iye owó ni ó ń wá.

Gómìnà ọ̀hún ni Gomes Freire de Andrade, tó ṣàkóso Rio láti 1733 títí ó fi kú ní 1763. Lábẹ́ rẹ̀ ni Alpoim ti ya ilé gómìnà létí omi, èyí tí wọ́n parí ní 1743, ó ya àgbàlá àárín ilé São Bento, èyí tí wọ́n parí ní 1755, ó ya ilé àwọn sísítà ti Ajuda tó ṣí ní 1750, àti ti Santa Teresa tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà. Ó kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní iṣẹ́ àgbá yíyìn láàárín gbogbo èyí. Mi ò mọ ẹnjinníà kan láyé òde òní tí wọn yóò fún ní irú àkójọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé kọ̀wé ẹ̀sùn.

Santa Teresa ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Orí òkè ni ó wà. Àwọn obìnrin Kamẹ́lì, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kan nínú Ìjọ Àgùdà, tó wọ inú rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ pé àwọn kò ní jáde mọ́ títí ọjọ́ ikú, àwọn ará ìta kò sì gbọdọ̀ rí ojú wọn. Ògiri rẹ̀ ga, fèrèsé rẹ̀ kéré, ẹnu ọ̀nà kò pọ̀. Ẹ wá gbé ìbéèrè tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń bi ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè tí odi ń bi í. Báwo ni oúnjẹ yóò ṣe wọlé láìjẹ́ pé ènìyàn wọlé? Nínú ilé àwọn sísítà, wọ́n máa ń fi àpótí onígi tó ń yí sínú ògiri, ẹni tó wà níta gbé búrẹ́dì sí i, ó yí i, ẹni tó wà nínú mú un, ojú kò kan ojú. Ní odi, wọ́n máa ń ṣe ọ̀nà àbáwọlé kí ó ṣẹ́ kọ́rọ́, kí ọta má baà lè gba ibẹ̀ lọ tààrà, wọ́n sì máa ń ṣe afárá tó ṣeé ká sókè. Níbo ni wọn yóò ti rí omi mu bí ẹnikẹ́ni kò bá jáde? Ní ọ̀pọ̀ irú ilé méjèèjì, òrùlé ni ó ń darí omi òjò sínú ìkùdu tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ àgbàlá. Ta ni yóò sọ fún gbogbo ènìyàn pé ilẹ̀ ti mọ́? Agogo ni níbì kan, ìlù ni níbòmíràn. Ibi tí aláìsàn yóò sùn gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé ìdáná, iyàrá ìpamọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ, ìbáà jẹ́ ìyẹ̀fun ni yóò wọ ibẹ̀ tàbí ẹ̀tù ìbọn, ilé ìsìn gbọ́dọ̀ wà níbi tí gbogbo wọn lè dé láìpẹ́. Iyàrá tò yí àgbàlá onígun mẹ́rin ká; ní àgbàlá kan àwọn mọ́ńkì ń rìn yípo pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu, ní èkejì ọmọ ogun ń tò sí ìlà kí wọ́n kà wọ́n. Ìdí sì tún wà tí a kì í sábà sọ jáde: odi kò dá ọ̀tá nìkan dúró síta, ó tún dá ọmọ ogun tó fẹ́ sá dúró sínú. Ilé àwọn sísítà kò yàtọ̀.

Ẹni tó ti kọ́ ibùgbé fún ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun tí ọ̀tá lè sé mọ́ fún oṣù mẹ́ta ti mọ ìdáhùn gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí kí àwọn sísítà tó bi í. Ayàwòrán-ilé tó kọ́ṣẹ́ lórí ààfin ọba lè ṣe iwájú ìjọ lọ́ṣọ̀ọ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ààfin kì í sábà bi ènìyàn ní ìbéèrè omi. Gomes Freire, ológun láti ìgbà èwe rẹ̀, ni wọ́n sin sínú Santa Teresa nígbà tó kú, bí ẹni pé ó mọ̀ pé odi tó dùn mọ́ òun jù ni.

Ní òkè ilẹ̀ náà, ní Vila Rica tí a ń pè ní Ouro Preto lónìí, iṣẹ́ àjọṣe náà gba ojú mìíràn. Alpoim ya ààfin àwọn gómìnà níbẹ̀ ní 1741, Manuel Francisco Lisboa, ọ̀gá káfíńtà àti mọlémọlé tó wá láti Pọtogí, ni ó sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ààfin ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ yọ síta bí ti odi ológun, ibi tí ẹ̀ṣọ́ yóò ti máa yọjú wà lórí wọn, àgbá sì ní ipò tirẹ̀. Òkun jìnnà réré sí Vila Rica. Ọ̀tá wo ni yóò gòkè wá? Ìlú wúrà ni. Ìdá kan nínú márùn-ún wúrà náà jẹ́ ti ọba, àwọn tó sì ń wà á láti inú odò àti inú òkè jẹ́ ẹrú, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti etíkun Mina, ìyẹn apá Ouidah àti agbègbè rẹ̀. Ní ọdún 1741 kan náà, ará Pọtogí kan tó ń gbé ìlú yìí, António da Costa Peixoto, fi ọwọ́ kọ ìwé kékeré kan lórí èdè Gbè, ìyẹn ẹbí èdè Fọ̀n àti Ègùn, tí àwọn ẹrú náà ń sọ láàárín ara wọn, ó sì sọ ọ́ gbangba pé bí àwọn ọ̀gá bá gbọ́ èdè yìí, olè àti ìpànìyàn yóò dínkù. Mo ka ìwé yẹn àti pílánù Alpoim sí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń bẹ̀rù àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ni wọ́n ṣe méjèèjì fún. Lisboa fúnra rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan fún obìnrin ẹrú ọmọ Áfíríkà. Ọmọ náà ni gbogbo Bràsíl mọ̀ sí Aleijadinho, tó fín òkúta ìjọ Francis Mímọ́ ní ìlú kan náà lẹ́yìn náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì borí gbogbo ohun tí baba rẹ̀ kọ́.

Wúrà yẹn ni wọ́n fi kọ́ Mafra. Dom João Karùn-ún, ọba Pọtogí, ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ìyàwó òun bá bímọ, òun yóò kọ́ ilé kan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Francis Mímọ́. Wọ́n bí Maria Bárbara ní 1711, wọ́n sì fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní Mafra, ìlú kan tí kò jìnnà sí Lisbon, ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 1717. Ènìyàn 13 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ọ fún. Bí wúrà ṣe ń wọlé ni iye yẹn ń pọ̀ sí i, títí ó fi di 300, tí ààfin ọba sì darapọ̀ mọ́ ọn, tí iwájú ilé náà fi gùn tó bíi mítà 220. Ayàwòrán-ilé rẹ̀ ni João Frederico Ludovice, ará Jámánì, alágbẹ̀dẹ wúrà tó ti jagun rí kí ó tó ṣiṣẹ́ ní Róòmù, tó sì wá sí Lisbon ní 1701. Àwọn ẹnjinníà ológun bíi Custódio Vieira bá a ṣiṣẹ́. Ojú ilé náà fi àjọṣe yìí hàn: ìjọ tó wà láàárín jẹ́ ti Róòmù pátápátá, ṣùgbọ́n ilé gogoro tó wà ní igun méjèèjì dúró lórí ìdí tó dagun sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ti odi tí wọ́n ṣe kí ọta má baà wọ̀ ọ́.

Ọba fẹ́ kí wọ́n ya ilé náà sí mímọ́ ní ọjọ́ ìbí òun, 22 oṣù kẹwàá, kí ọjọ́ náà sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ó bọ́ sí i ní 1730. Bí ọdún yẹn bá kọjá, ó di 1741. Nítorí ọjọ́ kan yìí, wọ́n fi agbára kó ọkùnrin jọ láti gbogbo ilẹ̀ Pọtogí, títí iye òṣìṣẹ́ fi súnmọ́ 45,000, pẹ̀lú ọmọ ogun 7,000 láti máa ṣọ́ wọn. Iye àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó kú sẹ́nu iṣẹ́ náà jẹ́ 1,383. Àjọṣe ológun àti ayàwòrán-ilé tí mo ń yìn láti òkè wá ní ojú kejì, òun sì nìyí: apá kan àwọn ológun ń wọn òkúta, apá kejì ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbé e. Wọ́n ya ilé náà sí mímọ́ ní ọjọ́ tí ọba fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kò tíì parí. Ní 1750, ọba tuntun fi Ludovice ṣe olórí àwọn ayàwòrán-ilé ìjọba, ó sì fún un ní oyè bírígédíà pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀. Ó kú ní ọdún kejì lẹ́yìn náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Lisbon ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1755, òrùlé ìjọ ńlá àwọn Kamẹ́lì wó, ṣùgbọ́n Mafra dúró, afárá omi náà dúró, òkúta rẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrun lórí àfonífojì Alcântara kò jábọ́. Manuel da Maia, olórí ẹnjinníà ìgbà náà, ẹni ọdún 78, ni ó kọ àbá bí wọ́n yóò ṣe tún ìlú kọ́, àwọn ẹnjinníà ológun Eugénio dos Santos àti Carlos Mardel sì ni wọ́n ya òpópónà tààrà tí a ń rí ní àárín Lisbon lónìí. Nínú iṣẹ́ àtúnkọ́ yẹn, ẹnjinníà ni ọ̀gá.

Bahia ni ọ̀rọ̀ náà fi kan etíkun wa. Ní ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Salvador, Manuel Cardoso de Saldanha ń kọ́ni, òun náà ni wọ́n sì ka pílánù ìjọ Conceição da Praia sí lọ́rùn, ìjọ tí wọ́n gbẹ́ òkúta rẹ̀ ní Pọtogí, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, tí wọ́n fi ọkọ̀ kó o wá tò. Iwájú ìjọ yìí ni àwọn obìnrin Bahia tó wọ aṣọ funfun ti ń gbéra lọ́dọọdún lọ fọ àtẹ̀gùn ìjọ Bonfim ní oṣù kìíní, àwọn tó sì mọ Ọbàtálá mọ ẹni tí wọ́n ń fi omi náà bọ.

José António Caldas, ọmọ Salvador tí wọ́n bí ní 1725, kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀. Ní 1759 ó kó ìròyìn gbogbo ilẹ̀ Bahia jọ pẹ̀lú àwòrán, àwòrán odi Pọtogí ní Ouidah sì wà lára wọn, nítorí pé abẹ́ Bahia ni odi náà wà láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ ní 1721. Ìlà rẹ̀ mọ́, igun rẹ̀ gún, gẹ́gẹ́ bí Azevedo Fortes ti fẹ́. Àwọn tí wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá ní ọdún wọ̀nyẹn jẹ́ ẹlẹ́dè Gbè jù lọ. Àwọn Yorùbá pọ̀ sí i nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ìlà mímọ́ yẹn kò lè sọ ni pé amọ̀ ni ògiri odi náà, pé odi ọ̀hún jìnnà sí òkun tó bẹ́ẹ̀ tí àgbá rẹ̀ kò lè gba ọkọ̀ kankan lọ́wọ́ ọ̀tá, àti pé ní 1743 ni ọmọ ogun Dàhọ̀mì wọ inú rẹ̀, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n sì mú ọ̀gá rẹ̀, João Basílio. Alpoim àti Caldas lè wọn gbogbo ohun tó bá wà lórí ilẹ̀. Ọba Dàhọ̀mì, ẹni tó ń pinnu bóyá odi náà yóò wà ní ìdúró ní ọdún tó ń bọ̀, kò sí lórí pílánù.